Fífẹ̀ Ẹ̀là Òbìrípo

Ẹ̀là òbìrípo ni apá òbìrípo tí ìlà tààrà méjì láti àárín gbùngbùn, pẹ̀lú etí tó tẹ̀ láàárín wọn, pààlà sí. Igun àárín ló ń sọ bó ṣe tóbi tó. Òbìrípo odindi jẹ́ dígírì 360. Ẹ̀là onídígírì 90 jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀.

Bí r bá jẹ́ gígùn láti àárín dé etí, tí θ sì jẹ́ igun náà, fífẹ̀ ẹ̀là jẹ́ (θ ÷ 360) × πr². π tó nǹkan bíi 3.1416.

Ẹ wo ilẹ̀ tí irin gbọ́dọ̀ balẹ̀ sí nínú ìdíje jíju irin róbótó. Dígírì 34.92 ni òfin fi igun rẹ̀ sí. Ká wọ̀n ọ́n dé mítà 20: 34.92 ÷ 360 jẹ́ 0.097, 3.1416 × 400 jẹ́ 1,256.64. Tí a bá sọ méjèèjì di púpọ̀, yóò fún wa ní nǹkan bíi mítà onígun mẹ́rin 121.9.

Ẹni tó bá ti mọ gígùn etí tó tẹ̀ kò nílò igun rárá: kó fi r sọ ọ́ di púpọ̀, kó sì pín in sí méjì. Ọ̀nà tó dára gan-an nìyí. Archimedes ará Syracuse ti fi irú rẹ̀ hàn fún òbìrípo odindi ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Kristi.

Àmọ́ etí tó tẹ̀ gan-an ni kí ẹ wọ̀n, ẹ má ṣe wọn ọ̀nà tààrà láàárín orí ìlà méjèèjì. Lórí pápá yẹn, ọ̀nà tààrà jẹ́ mítà 12. Etí tó tẹ̀ jẹ́ mítà 12.19.