Orísun Ìbéèrè: Ìwà Ọmọlúàbí àti Ìfidánrawò fún Ìwé-ẹ̀rí Kọ̀ǹpútà

Ẹni tó bá ti jókòó ṣe WAEC rí mọ̀ pé past question yàtọ̀ sí expo. Ojú ọjà gbangba la ti ń ra ti àkọ́kọ́. Abẹ́lẹ̀ la ti ń gba ìkejì. Ìyàtọ̀ yìí gan-an ni mo rò pé ó yẹ ká fi wọn ìbéèrè ìfidánrawò fún ìwé-ẹ̀rí iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, bíi CCNA ti Cisco àti àwọn ti Microsoft.

Fífi ìbéèrè dánra wò kò burú. Microsoft fúnra rẹ̀ gbé irú rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́. Èyí tó burú ni ohun tí wọ́n ń pè ní dumps: ẹnì kan á wọlé ìdánwò, á há ìbéèrè sórí, á jáde, á tà á. Bẹ́ẹ̀, kó tó rí ìbéèrè kìíní ló ti gbà nínú àdéhùn pé òun kò ní tú u síta. Ọ̀rọ̀ yìí ti dé kóòtù. Ní 2002, ọkùnrin kan ní ìpínlẹ̀ Washington, tó ń ta ìbéèrè Microsoft, gbà pé òun jẹ̀bi jíjí àṣírí òwò.

Ẹni tó rà á ńkọ́? Owó ni àwíjàre tó wọ́pọ̀ jù. Dọ́là 300 ni CCNA, ẹni tó ń gba owó oṣù ní náírà kò sì lè fìyẹn ta tẹ́tẹ́. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ta ni ìyà rẹ̀ ń jẹ? Bí agbanisíṣẹ́ bá ti gba oní-dumps méjì tí kò lè tún nẹ́tíwọ̀kì tó dákú ṣe, ìwé-ẹ̀rí ẹni kẹta, tó fi ọ̀pọ̀ oṣù kọ́ iṣẹ́ náà, á di bébà lásán lójú agbanisíṣẹ́ náà. Ẹni kẹta yìí náà san dọ́là 300.

Àwọn tó ni ìdánwò náà kò mọ́ tán o. Ìdánwò tí kò ju "mú ọ̀kan nínú mẹ́rin" lọ, àkọ́sórí ló ń pè. Àmọ́ ìdánwò àfọwọ́ṣe CCIE, ọ̀kan nínú àwọn tó ga jù ní Cisco, ń gba odindi wákàtí 8, èèyàn sì gbọ́dọ̀ to nẹ́tíwọ̀kì níbẹ̀, kó sì wá ibi tó ti bàjẹ́. Àkọ́sórí nìkan kò lè gbé èèyàn débẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń múra ìdánwò, ẹ bi ẹni tó ń ta ìbéèrè fún yín léèrè ibi tó ti rí i. Bó bá ń yangàn pé bó ṣe máa jáde gẹ́lẹ́ nìyẹn, ẹ di owó yín mú.