Àṣìṣe Ọmọ nínú Ìṣirò: Ẹ̀kọ́ Kan láti Accra

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò, olùkọ́ ni àgbà. Òun ni ó yẹ kí ó bá ọmọ wo ohun tí ó gbé e ṣubú. Ìtàn ìdánwò ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fi hàn pé a ti mọ èyí tipẹ́, ṣùgbọ́n a kò tíì lò ó tán.

Títí di àárín ọ̀rúndún ogún, láti Cambridge àti Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti ń ṣètò ìdánwò àṣejáde fún àwọn ilé-ẹ̀kọ́ girama wa. Ní ìparí ọdún 1949, G. B. Jeffery wá láti Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù láti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò. Onímọ̀ ìṣirò ni; ó wà lára àwọn méjì tí wọ́n túmọ̀ iṣẹ́ Einstein sí Gẹ̀ẹ́sì nínú ìwé kan tí ó jáde ní 1923. Ìmọ̀ràn tí ó kọ ní 1950 ni ó bí àjọ tí tọmọdé-tàgbà mọ̀ sí WAEC ní 1952. Accra ni olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà.

Lẹ́yìn ìdánwò, àwọn olórí olùyẹ̀wò àjọ yìí a máa kọ ìjábọ̀ lórí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan: ibi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣe dáadáa, ibi tí wọ́n ti kùnà, àti ọ̀nà àtúnṣe. Báyìí ni àṣìṣe ṣe di ẹ̀kọ́ fún olùkọ́. Ṣùgbọ́n kí ìjábọ̀ náà tó dé, ọmọ tí ó ṣàṣìṣe ti kúrò ní ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọ ẹlòmíràn ni yóò jèrè rẹ̀.

Nítorí náà, inú kíláàsì ni ọmọ ti lè jèrè àṣìṣe ara rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a wo ọmọ tí wọ́n ní kí ó yọ 17 kúrò nínú 52, tí ó kọ 45. Kò méfò. Ó rí 2 lókè àti 7 nísàlẹ̀, ó yọ èyí tí ó kéré kúrò nínú èyí tí ó pọ̀, ó ku 5. Ó yọ 1 kúrò nínú 5, ó ku 4. Òfin kan ni ó ń tẹ̀lé, bí òfin náà kò tilẹ̀ tọ̀nà. Ní Amẹ́ríkà, John Seely Brown àti Richard Burton fi hàn ní 1978 pé ọ̀pọ̀ irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ ni ó ní ìlànà tí a lè tọpa. Bí olùkọ́ bá kàn fi bírò pupa fagi lé e, òfin òdì náà yóò bá ọmọ dé gbọ̀ngàn ìdánwò.

Ìbéèrè tí ó yẹ ni: “Báwo lo ṣe ṣe é?” Ó sì yẹ kí ọmọ lè fi èdè tí ó gbọ́ dáhùn. Ní 2002, ìjọba Gánà pàṣẹ pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ ọmọ láti kíláàsì kìn-ín-ní, kí wọ́n tó tún un gbé yẹ̀ wò nígbà tó yá. Ọmọ tí kò tíì gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kò lè ṣàlàyé bí ó ṣe ṣìnà. Bẹ́ẹ̀ èdè ilé lè la ọ̀nà: Yorùbá pe 17 ní ẹ̀tàdínlógún, ìyẹn 20 tí a yọ 3 kúrò. Ọmọ tí ó bá fetí sí orúkọ yìí yóò yọ 20 kúrò nínú 52, yóò ku 32. Yóò dá 3 padà, yóò sì di 35.

Ìdáhùn tí ó kùnà kò fi hàn pé orí ọmọ kú. Ó ń sọ ibi tí ọmọ gbà kọjá fún olùkọ́ tí ó bá ní sùúrù láti bi í.