Ìgbà Wo Ló Sọ Kẹ́yìn?

Aago méje àárọ̀. Ọjọ́ àyẹ̀wò aláboyún ni ní ilé ìwòsàn alábọ́dé kan n'Ìbàdàn. Ọjọ́ yìí kì í ṣe ti ẹnì kan pàtó. Mo kó o jọ láti ara ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Aboyún tí a ó tẹ̀ lé ti lo ọ̀sẹ̀ 34. Ó ti gba nọ́ńbà, ó ti rí bẹ́ńṣì jókòó sí.

Aago mẹ́jọ. Àdúrà, orin, àtẹ́wọ́. Orin wúlò, òun ni wọ́n fi ń kọ́ni nípa ọmú àti abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ṣùgbọ́n tí orin bá gùn jù, àkókò ìbéèrè ló ń jẹ.

Aago mẹ́jọ ààbọ̀. "Ẹ̀yin ìyá wa, ọmọ ta ló ti sọ láàárọ̀ yìí?" Ọwọ́ ń nà sókè. Nọ́ọ̀sì ní ẹni tó ti bímọ rí lè mọ̀ ọ́n lára ní bí ọ̀sẹ̀ 16. Ẹni tó lóyún àkọ́kọ́ lè má mọ̀ títí yóò fi lé ní 20. Tó bá ti di ọ̀sẹ̀ 28, kí kálukú mọ ìṣe ọmọ tirẹ̀: ìgbà tó máa ń ta, ìgbà tó máa ń yí, ìgbà tó máa ń sùn. Oorun rẹ̀ kì í sábà kọjá ìṣẹ́jú 90.

Aago mẹ́sàn-án. Ibi ìbéèrè ni ẹ̀kọ́ gan-an wà. "Nọ́ọ̀sì, ẹ̀ẹ̀melòó ló yẹ kó sọ lóòjọ́?" Ìbéèrè yìí ti pẹ́ láyé. Ní ìlú Cardiff lókè òkun, ní 1976, wọ́n ní kí aboyún ka mẹ́wàá láàárín wákàtí 12. Nígbà tó di 1989, ìwádìí tí wọ́n ṣe lára àwọn aboyún tó lé ní 68,000 kò fi hàn pé kíkà náà dín ikú ọmọ inú kù. Ní 2016, àjọ WHO kò ní kí gbogbo aboyún máa kà lójoojúmọ́. Ó ní kí wọ́n mọ̀ pé sísọ ọmọ ṣe pàtàkì, kí wọ́n sì tètè wí tó bá dín kù. Èsì nọ́ọ̀sì kúrú: "Ìyípadà ni kí ẹ máa ṣọ́."

Òmíràn dìde: "Ìyá ọkọ mi ní ọmọ máa ń dákẹ́ sinmi tí ìrọbí bá ti kù sí dẹ̀dẹ̀."

"Ẹ bá mi kí màmá o, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Bó ṣe ń ta lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ dín kù títí dọjọ́ ìkúnlẹ̀."

Lójú tèmi, kò sí ìgbàgbọ́ tó léwu tó ti ìyá ọkọ yìí, torí ó jọ ọgbọ́n àgbà. Ọmọ tí ibi kò gbé oúnjẹ àti atẹ́gùn tó fún mọ́ máa ń dín sísọ kù kó lè tọ́jú agbára. Ìdákẹ́ yẹn lè jẹ́ igbe.

Aago mọ́kànlá. Nọ́ọ̀sì gbọ́ ọkàn ọmọ. Ó ń lù dáadáa. Aboyún wa lọ sílé.

Aago kan sí méje. Ó wà ní ìsọ̀. Ẹni tó ń ta ọjà lórí ìdúró kì í sábà fura sí sísọ ọmọ.

Aago mẹ́jọ alẹ́. Ìgbà tí ọmọ yìí máa ń ta jù nìyí. Kò ta. Ìyá fi ẹ̀gbẹ́ òsì dùbúlẹ̀, ó gbọ́wọ́ lé ikùn. Ọkọ lọ ra mọ́ọ̀tì tútù wá. Mọ́ọ̀tì kì í ṣe àyẹ̀wò.

Aago mẹ́wàá. Wákàtí méjì pé, sísọ náà kò pé mẹ́wàá tó yẹ kí ẹni tó bá fura kà. "Ṣé ká dúró dọ̀la?" Ìyàwó ti ń wá káàdì rẹ̀.

Aago mọ́kànlá kọjá. Ní ilé ìwòsàn ńlá, ìbéèrè àkọ́kọ́ ni pé, "Ìgbà wo ló sọ kẹ́yìn?" Wọ́n so ẹ̀rọ mọ́ ikùn, wọ́n wo bí ọkàn ọmọ ṣe ń lù. Ó dára. Wọ́n ní tó bá tún ṣẹlẹ̀, kó tún wá, kó má tijú.

Ẹ̀yin ọkọ àti ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tọ́jú owó ọkọ̀ sílé láti oṣù keje oyún, ẹ fi nọ́ńbà ilé ìwòsàn sórí fóònù, ẹ má sì sọ fún aboyún pé kó dúró dọ̀la.