Kí Ìwé Tó Dé Orí Ẹ̀rọ: Láti Aké 1859 Títí Dé Mágásíìnì Wa

Mo mọ̀ pé bí mágásíìnì yìí ṣe tẹ̀ yín lọ́wọ́, ibi tí fótò wà lẹ kọ́kọ́ ṣí. Gbogbo wa la máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. A ó wá séètì wa, a ó wá ojú ara wa, lẹ́yìn náà ni ariwo á sọ: "Ta ló ba fótò yìí jẹ́? Ṣé ojú tèmi nìyí?" Òǹtẹ̀wé la sì máa ń di gbogbo ẹ̀bi rẹ̀ rù. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn yìí ná, torí pé ìlú tiwa níbí ló ti bẹ̀rẹ̀, kò sì jìnnà sí Ìjẹmọ̀ rárá.

Ní Aké, ní 1854, ni Henry Townsend, òyìnbó ìjọ C.M.S., gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé rẹ̀ kalẹ̀. Ibẹ̀ náà ni Ìwé Ìròhìn fún Àwọn Ará Ẹ̀gbá àti Yorùbá ti jáde ní ọjọ́ 3 oṣù December 1859. Ọgọ́fà owó ẹyọ ni wọ́n ń ta ẹyọ kan. Ẹ má rò pé iṣẹ́ yẹpẹrẹ ni o. Lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, òjé kan ni. Ẹni tó ń to lẹ́tà á máa ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan nínú àpótí, á máa tò wọ́n sínú irin kékeré tó dì mọ́wọ́, orí lẹ́tà á wà nísàlẹ̀, ojú rẹ̀ á sì yí padà bí ìgbà téèyàn ń ka ìwé nínú dígí. Àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ yìí ni Townsend kọ́ ní iṣẹ́ náà. Fótò kò lè sí nínú ìwé wọn, torí pé nígbà náà, ayé kò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń tẹ fótò àti ọ̀rọ̀ pọ̀ lórí ẹ̀rọ kan náà.

Lẹ́tà gan-an ni wàhálà tiwọn. Àní bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá sílẹ̀ pàápàá kò tíì fìdí múlẹ̀. Ìpàdé tí C.M.S. ṣe ní Èkó ní oṣù January 1875 ló wá tún un tò. Kí ọdún náà tó pé, Ìwé Ìròhìn ti kú. Ní October 1867 ni Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀, tí àwọn Ẹ̀gbá lé àwọn òyìnbó jáde, tí wọ́n sì ba ẹ̀rọ náà jẹ́. (Ẹ jẹ́ kí n fi èyí kún un: Robert Campbell, ọmọ Jàmáíkà tó kọ́ṣẹ́ ìtẹ̀wé, tó wá sí Abẹ́òkúta ní 1859, òun ló dá The Anglo-African sílẹ̀ ní Èkó ní 1863.)

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká kúrò ní Aké, ká sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìtòkú lọ́dọ̀ àwọn aládìrẹ, torí pé ọ̀dọ̀ wọn ni ẹ ó ti rí bí àwòrán ṣe ń dé ojú aṣọ tàbí ojú ìwé. Nínú adìrẹ ẹlẹ́kọ, àwọn ọkùnrin ló máa ń gé síǹkì. Páànù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni. Láyé ijọ́un, inú àpótí tíì ni wọ́n ti ń tú u. Obìnrin á gbé síǹkì náà lé aṣọ, á fi ẹ̀kọ làfún gba ojú ihò rẹ̀, lẹ́yìn náà ni aṣọ á wọ aró. Ibi tí ẹ̀kọ bá dé, aró kò ní mú un. Síǹkì kò mọ ju nǹkan méjì lọ: ihò, tàbí kò sí ihò. Kò sí "ó dúdú díẹ̀". Bí agésíǹkì bá gé ẹyinjú yípo láì fi afárá tín-ín-rín sílẹ̀, àárín ojú á já bọ́ sílẹ̀.

Ẹ wo adìrẹ tí à ń pè ní Ọlọ́ba. Ní 1935, nígbà tí Ọba George Karùn-ún pé ọdún 25 lórí oyè, àwòrán òun àti ayaba rẹ̀, Mary, ni wọ́n sọ di iṣẹ́ ara aṣọ. Ẹni tó gé e ní láti jókòó wo àwòrán yẹn, kó pinnu ibi tí yóò dúdú àti ibi tí yóò funfun lójú ọba, kó tó fi ọ̀bẹ kan síǹkì. Bí aṣọ bá ti wọ aró tán, àtúnṣe kò sí mọ́.

Bákan náà gẹ́lẹ́ ni ẹ̀rọ ìtẹ̀wé. Yálà ìnki kan bébà tàbí kò kàn án. Báwo ni fótò ṣe wá ń ní ibi tó dúdú díẹ̀ àti ibi tó mọ́lẹ̀? Ọgbọ́n ni wọ́n dá: wọ́n sọ fótò di ẹgbẹẹgbẹ̀rún tó-tò-tó, èyí tó tóbi níbi tó dúdú, èyí tó kéré níbi tó mọ́lẹ̀, ojú wa á sì para wọn pọ̀. Ní ọjọ́ 4 oṣù March 1880, Daily Graphic ti New York tẹ irú fótò bẹ́ẹ̀ jáde. Ẹ mú awò tí ń sọ nǹkan di ńlá, kí ẹ fi wo ojú ara yín nínú mágásíìnì yìí, ẹ ó rí tó-tò-tó náà.

Nígbà ayé búlọ́ọ̀kù, wọ́n á fín fótò sára síǹkì, wọ́n á kàn án mọ́ pákó kó lè ga bákan náà pẹ̀lú òjé lẹ́tà. Owó ni. Ẹni tó máa ṣe búlọ́ọ̀kù á kọ́kọ́ yan fótò tó dáa. Ní tèmi o, àìsan owó yẹn ló bà wá jẹ́ lónìí: ohunkóhun tó bá ti wà nínú fóònù la máa ń fi ránṣẹ́.

Ẹ gbọ́ ìṣirò rẹ̀. Nínú íǹṣì kọ̀ọ̀kan, ilé ìtẹ̀wé ń fẹ́ ẹyọ tó-tò-tó 300. Fótò tó bá ní 600 ní ìbú, íǹṣì méjì péré ló lè kún. Tí ẹ bá ní kó kún ojú ìwé oní-íǹṣì mẹ́jọ, 2,400 ló gbọ́dọ̀ ní. WhatsApp sì máa ń fún fótò pọ̀ kó lè tètè lọ. Bí ẹnì kan bá tún ya fótò ojú fóònù tó sì fi ránṣẹ́ sí ẹlòmíì, ó ti gbẹ tán. Mo bá ẹbí kan ṣe ìwé ìsìnkú tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì. Fótò bàbá kan ṣoṣo tó ṣẹ́ kù wà nínú fóònù, èyí tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ káàkiri. Ikán ti jẹ ti ojú bébà. Nígbà tí a fẹ̀ ẹ́ tó bí iwájú ìwé, ojú bàbá di bíríkì-bíríkì. Ọmọ wọn obìnrin wò ó títí, ó ní, "Ẹ jẹ́ kó kéré, kó ṣáà jẹ́ pé àwọn ni." Bí a ṣe tẹ̀ ẹ́ nìyẹn, ìwọ̀n íǹṣì méjì, ní àárín bébà funfun ńlá.

Ti àwọ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Iná ló ń tàn lójú fóònù. Ìnki mẹ́rin ni ilé ìtẹ̀wé ní. Búlúù tó ń dán gbinrin á rọlẹ̀ lórí bébà. Bí àwòrán yín bá sì máa dé etí ìwé, ẹ jẹ́ kó fi mìlímítà mẹ́ta kọjá ibi tí ọ̀bẹ yóò gbà, kí ìlà funfun má bàa yọ.

Ọ̀rọ̀ lẹ́tà tí Townsend bá jà ò tíì tán o! Nínú kọ̀ǹpútà, ẹ, ọ àti ṣ ní nọ́ńbà tiwọn, ṣùgbọ́n ọ̀ kò ní. Ọ àti àmì orí rẹ̀ ni wọ́n so pọ̀. Bí fáìlì bá dé ilé ìtẹ̀wé láì gbé lẹ́tà rẹ̀ dání, àmì á fò lọ, tàbí kí àpótí òfìfo jókòó síbẹ̀. Ilé ìtẹ̀wé kan, tí n kò ní dárúkọ, ti bá mi tẹ orúkọ àdúgbò wa yìí síwájú ìwé báyìí rí: Ìj□m□. Ẹgbẹ̀rún ẹ̀dà! Torí náà, PDF tí a ti fi lẹ́tà sínú rẹ̀ ni kí ẹ máa gbé lọ, kí ẹ sì gba ẹ̀dà kan kà kí wọ́n tó tẹ ìyókù.

Fún mágásíìnì tó ń bọ̀, ẹ gbé ojúlówó fótò ojú bébà wá, a ó fi ẹ̀rọ yà á fún yín ní 600 sí íǹṣì kan, ẹ ó sì gbà á padà lójú ẹsẹ̀. Èyí tó bá jẹ́ ti fóònù, ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí dọ́kúmẹ́ǹtì. Ẹ má fi bairo kọ ọ̀rọ̀ sẹ́yìn fótò, torí ó máa ń yọ síwájú. Bébà ọ̀tọ̀ ni kí ẹ kọ orúkọ àwọn èèyàn sí, láti ọwọ́ òsì sí ọwọ́ ọ̀tún, pẹ̀lú gbogbo àmì orí àti ìdí wọn.