Ta Ni Ó Ni Ẹ̀rọ Amóhùnmáwòrán?

Bí a bá béèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ ṣe ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán, orúkọ tí a sáábà máa ń gbọ́ ni ti John Logie Baird, ọmọ ilẹ̀ Scotland. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ní ọjọ́ 26 oṣù kìíní ọdún 1926, ní àdúgbò Soho ní ìlú London, ó fi àwòrán ojú ènìyàn tí ń mira han àwọn onímọ̀ tí ó pè. Àwo onihò tí ń yí ni ó lò, èyí tí Paul Nipkow ará Jámánì ti ronú kàn láti 1884: bí àwo náà ti ń yí, ihò kọ̀ọ̀kan ń mú ìlà kan lára àwòrán. Ọgbọ́n ńlá ni, ṣùgbọ́n ìlà 30 péré ni Baird rí mú níbẹ̀rẹ̀, àwòrán náà kò sì mọ́ kedere.

Ẹlòmíràn ni a fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé wa mọ̀. Philo Farnsworth ni orúkọ rẹ̀, ọmọ àgbẹ̀ ni, Utah ní Amẹ́ríkà ni a sì ti bí i ní 1906. Wọ́n ní ọmọ ọdún 14 ni, ó ń fi ẹṣin túlẹ̀ nínú oko bàbá rẹ̀ ní Idaho, nígbà tí ó wo àwọn poro tí ó tò tẹ̀ léra, tí ó sì sọ sí i lọ́kàn pé iná mànàmáná lè ka àwòrán ní ìlà-ìlà bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́, láìsí àwo kankan tí yóò máa yí. Ní 1922 ó ya èrò náà fún Justin Tolman, olùkọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án 1927, ní San Francisco, ó fi ìgò tí a ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde gbé àwòrán ìlà kan ṣoṣo láti yàrá kan sí èkejì. Ọmọ ọdún 21 ni.

Wàhálà dé. Vladimir Zworykin, ará Rọ́ṣíà tí ó wá di ọ̀gá onímọ̀ ní ilé-iṣẹ́ ńlá RCA, ti kọ̀wé sí ìjọba láti 1923 pé òun ni ó ni irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ní 1930 ó bẹ Farnsworth wò níbi iṣẹ́, wọn kò sì fi nǹkan kan pa mọ́ fún un. Òun àti Farnsworth wọ ṣòkòtò kan náà níwájú ọ́fíìsì ìjọba tí ń fúnni ní ìwé ẹ̀tọ́ lórí ohun tuntun. Ta ni ẹlẹ́rìí? Olùkọ́ àtijọ́ ni! Tolman tún àwòrán tí ọmọ náà yà fún un yà. Ní 1934 wọ́n dá Farnsworth láre.

A kò ní pe Zworykin ní olè o. Ẹ̀rọ tirẹ̀ ń ríran nínú ìmọ́lẹ̀ díẹ̀ ju ti Farnsworth lọ fíìfíì, ìyẹn kì í sì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Ohun tí ó dùn wá ni pé ó di 1939 kí RCA tó gbà láti san mílíọ̀nù kan dọ́là. Láìpẹ́, ogun dé, ìjọba Amẹ́ríkà sì dá ṣíṣe tẹlifíṣọ̀n títà dúró ní 1942. Nígbà tí ọjà yóò fi gbóná, àwọn ìwé ẹ̀tọ́ tí ó ṣe pàtàkì jù ti kọjá àkókò wọn ní 1947.

Nígbà tí tẹlifíṣọ̀n bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá 1959, Farnsworth ṣì wà láyé. Ó di 1971 kí ó tó kú.