Ẹ̀kọ́ àmúlùmálà nínú ìṣègùn núkílíà

Ẹ̀kọ́ àmúlùmálà nínú ìṣègùn núkílíà jẹ́ ọ̀nà ìkọ́ni tó da ẹ̀kọ́ orí íntánẹ́ẹ̀tì pọ̀ mọ́ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àfọwọ́ṣe ní ilé ìwòsàn. Àwọn dókítà, onímọ̀ físíìsì, apòògùn àti òṣìṣẹ́ tó ń darí ẹ̀rọ ni wọ́n ń lò ó. Ìṣègùn núkílíà fúnra rẹ̀ ni ẹ̀ka ìṣègùn tó ń lo oògùn onítànṣán láti fi ṣe àyẹ̀wò àìsàn tàbí láti fi tọ́jú rẹ̀. Bí oògùn náà bá ti wọ inú ara, ẹ̀rọ tí à ń pè ní kámẹ́rà gámà yóò ya àwòrán ibi tí ó kó jọ sí.

Ìpìlẹ̀
Olùkọ́ iṣẹ́ yìí kò pọ̀ ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Bí òṣìṣẹ́ kan bá sì fi ilé ìwòsàn rẹ̀ sílẹ̀ lọ kàwé, ó lè máà sí ẹni tí yóò dì í mú fún un. Nítorí èyí ni IAEA, àjọ àgbáyé tó ń mójú tó ọ̀rọ̀ agbára átọ́míìkì, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1957, fi ṣe ètò ẹ̀kọ́ àjìnnà fún àwọn òṣìṣẹ́ ẹ̀ka yìí. Orí ìwé títẹ̀ ni ètò náà ti bẹ̀rẹ̀ kí ó tó bọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Akẹ́kọ̀ọ́ ń kàwé níbi iṣẹ́ rẹ̀, ó sì ń ṣe iṣẹ́ àfọwọ́ṣe níbẹ̀ lábẹ́ àbójútó ọ̀gá.

Apá orí íntánẹ́ẹ̀tì
Níhìn-ín ni a ti ń kọ́ nípa ìtànṣán, ẹ̀yà ara, òfin ààbò àti bí a ti ń ka àwòrán. Ìṣirò pẹ̀lú wà níbẹ̀. Fún àpẹẹrẹ, bíi wákàtí 6 ni technetium-99m, èyí tí a ń lò jù fún àyẹ̀wò, fi ń dín kù sí ìdajì. Èyí tí a pèsè ní aago 8 òwúrọ̀ yóò ku ìdajì ní aago 2 ọ̀sán, yóò sì ku ìdá mẹ́rin kan ní aago 8 alẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ lè ṣe irú ìṣirò yìí láti ilé.

Apá àfọwọ́ṣe
Fífa oògùn sínú abẹ́rẹ́ lẹ́yìn ògiri òjé, wíwọn agbára rẹ̀, títẹ́ aláìsàn sábẹ́ kámẹ́rà, yíyẹ ẹ̀rọ wò láràárọ̀ àti nínu oògùn tó dà sílẹ̀ jẹ́ ohun tí ọwọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀. Bí ènìyàn bá fi ìlọ́po méjì jìnnà sí orísun kékeré, ìtànṣán tó ń bá a yóò dín kù sí ìdá mẹ́rin kan; bí ó bá sì pẹ́ nítòsí rẹ̀, èyí tó ń bá a yóò pọ̀ sí i. Ẹni tó mọ òfin yìí lórí ìwé, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ rẹ̀ ń lọ́ra, yóò ṣì gba ìtànṣán tí kò yẹ kí ó gbà. Ìdí nìyí tó fi dára kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ fi omi lásán dánra wò kí ó tó fọwọ́ kan oògùn gan-an.

Ìdíwọ́
Iná tó ń lọ tó ń bọ̀, owó dátà àti títóbi àwọn fáìlì àwòrán máa ń dí apá orí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Ìdánwò orí kọ̀ǹpútà kò sì lè fi hàn bóyá ọwọ́ akẹ́kọ̀ọ́ dá ṣáṣá. Nítorí náà, ọ̀gá tó wà nítòsí gbọ́dọ̀ wò ó bí ó ti ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì buwọ́ lu ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀. Níbi tí kò bá ti sí irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀, apá kan ẹ̀kọ́ náà kò tíì pé, aláìsàn ni yóò sì ru ewu rẹ̀.