Àtúnwáyé àti Ìfàgùn Ìtàn nínú Ìtàn Aláwòrán Ilẹ̀ Japan

1.0 Ìfáàrà

Bí ọmọkùnrin bá wáyé ní ilẹ̀ Yorùbá láìpẹ́ sí ìgbà tí bàbá àgbà nínú ilé papò dà, Babátúndé ni wọn yóò sọ ọ́. Bí ó bá jẹ́ obìnrin, tó sì jẹ́ pé ìyá àgbà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ, Yétúndé tàbí Ìyábọ̀ ni yóò máa jẹ́. Irú orúkọ báyìí ń jẹ́ kí ará ilé mọ̀ pé ẹni tó lọ ti dé, pé ìdílé rẹ̀ ló padà sí, àti pé ohun tó wà láàrin òun àti wọn kò tíì tán. Ìgbàgbọ́ nínú àtúnwáyé kì í ṣe ti Yorùbá nìkan. Àwọn ará Japan pẹ̀lú ní in. Ẹ̀sìn Búdà, tó wọ ilẹ̀ wọn ní sẹ́ńtúrì kẹfà, ló fìdí rẹ̀ múlẹ̀ láàrin wọn.

Ohun tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú iṣẹ́ yìí ni bí àwọn òǹkọ̀wé Japan ti ṣe lo ìgbàgbọ́ náà nínú ìtàn aláwòrán, èyí tí wọ́n ń pè ní manga. Ìtàn aláwòrán ni ìtàn tí a fi àwòrán tò lẹ́sẹẹsẹ sọ, tí a sì kọ ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ẹ̀dá-ìtàn sí ẹ̀gbẹ́ wọn. Lóde òní, ẹ̀yà kan ti gbilẹ̀ nínú rẹ̀ tí a ń pè ní isekai, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ ‘ayé mìíràn’. Nínú ọ̀pọ̀ wọn, olú ẹ̀dá-ìtàn a kú ní ojú-ìwé mélòó kan àkọ́kọ́, a sì jí sí ayé tí idán ti ń ṣiṣẹ́, pẹ̀lú gbogbo ìrántí ayé rẹ̀ àtijọ́. Ẹ̀sùn méjì ni àwọn òǹkàwé sábà máa ń fi kan irú ìtàn bẹ́ẹ̀. Èkíní ni pé ikú àti àtúnbí inú wọn ti di aṣọ àlògbó. Èkejì ni pé ìtàn náà kì í rìn. Èrò wa ni pé ọmọ ìyá kan náà ni ẹ̀sùn méjèèjì. Àtúnwáyé kọ́ ló bàjẹ́. Gbèsè tó máa ń tẹ̀lé e ni a já dànù, ọ̀nà tí a ń gbà ṣe ìtàn náà jáde ló sì mú kí ó rọrùn láti já a dànù.

2.0 Àtúnwáyé Gẹ́gẹ́ bí Gbèsè

Ọ̀dọ̀ Osamu Tezuka (1928–1989) ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1954 ni ó kọ́kọ́ dáwọ́ lé Hi no Tori, ìtàn nípa ẹyẹ iná kan tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń sọ ènìyàn di aláìkú. Ní 1967, ó tún un bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun nínú COM, ìwé ìròyìn tí òun fúnra rẹ̀ dá sílẹ̀. Kò tíì parí rẹ̀ nígbà tí ó kú ní 1989.

Apá tí ọ̀rọ̀ wa kàn jù lọ jáde láàrin 1969 àti 1970. Sẹ́ńtúrì kẹjọ ni ìtàn náà ti wáyé, nígbà tí wọ́n ń ṣe ère ńlá Búdà ní ìlú Nara. Ẹ̀dá-ìtàn méjì ni òpó rẹ̀: Gao, ọlọ́ṣà olójú kan tí kò ní ju apá kan lọ, àti Akanemaru, ọ̀dọ́ agbẹ́gilére. Gao fi ọ̀bẹ ba apá Akanemaru jẹ́. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ọlọ́ṣà ronú pìwà dà, ó di agbẹ́gilére tí ìyà àwọn ènìyàn ń hàn lára iṣẹ́ rẹ̀. Ní ti Akanemaru, òkìkí àti ojú rere àwọn aláṣẹ gbé e lọ, títí ó fi tú àṣírí ẹ̀ṣẹ̀ àtijọ́ Gao, tí wọ́n sì gé apá kan ṣoṣo tó kù fún un. Nígbà tí Akanemaru ń kú lọ nínú iná, ẹyẹ náà jẹ́ kí ó mọ̀ pé kò tún ní wá sáyé ní ènìyàn mọ́ láé.

Ẹ jẹ́ kí a ṣàkíyèsí ohun méjì. Àtúnwáyé níbí kì í ṣe ẹ̀bùn, ìdájọ́ ni. Bẹ́ẹ̀ sì ni apá kan ṣoṣo ti tó Tezuka láti sọ ìgbésí-ayé ènìyàn méjì tán. Ìbéèrè nípa ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn jẹ èkejì ní gbèsè ló ń fa òǹkàwé láti ojú-ìwé kan dé òmíràn.

3.0 Àtúnwáyé Gẹ́gẹ́ bí Ẹrù

Ní òpin 1986, Saki Hiwatari bẹ̀rẹ̀ Boku no Chikyū o Mamotte nínú ìwé ìròyìn Hana to Yume. Ó parí rẹ̀ ní 1994, ó sì jẹ́ ìdìpọ̀ 21. Àwọn ọ̀dọ́ kan ní Tokyo ń lá àlá kan náà, wọ́n sì rí i pé onímọ̀ sáyẹ́ǹsì láti ìràwọ̀ mìíràn ni wọ́n jẹ́ ní ayé àná, pé orí òṣùpá ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ tí wọ́n sì ti kú. Ọ̀kan nínú wọn ló gbẹ̀yìn àwọn yòókù. Ọdún mẹ́sàn-án ni ó fi dá gbé níbẹ̀. Ọmọ kékeré ni ẹni náà nígbà tó tún ayé wá, ìrora ọdún mẹ́sàn-án náà sì wà lórí rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìtàn yìí wọ àwọn ọ̀dọ́ òǹkàwé lára débi pé òǹkọ̀wé ní láti kọ ọ́ sínú ìwé náà gan-an pé àròsọ lásán ni.

Ní 1996, Rumiko Takahashi bẹ̀rẹ̀ InuYasha. Kagome, ọmọbìnrin òde òní, ni àtúnwá Kikyo, obìnrin tó kú ní ayé ogun àtijọ́. Àjẹ́ kan fi amọ̀ àti egungun jí Kikyo padà, ẹni méjì wá ń pín ẹ̀mí kan lò. Ìbéèrè ńlá nìyí: ta ni ó ni ẹ̀mí? Ṣùgbọ́n ibẹ̀ náà ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí rí ìfàgùn. Ọ̀sẹ̀ọ̀sẹ̀ ni ìtàn náà ń jáde, títí di 2008, ó sì di ìdìpọ̀ 56. Naraku, ọ̀tá inú ìtàn náà, a bọ́ lọ́wọ́ wọn lónìí, a tún bọ́ lọ́la. Ìtàn tí ọjà rẹ̀ ń tà kì í tètè rí àyè parí.

4.0 Ìgbà Íntánẹ́ẹ̀tì

Ní ọdún 2004, ibùdó kan ṣí sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí a ń pè ní Shōsetsuka ni Narō, èyí tó túmọ̀ sí ‘Ẹ jẹ́ kí a di òǹkọ̀wé’. Ẹnikẹ́ni lè gbé ìtàn rẹ̀ síbẹ̀, àwọn òǹkàwé kì í sanwó, ibùdó náà a sì máa to àwọn ìtàn ní ipò bí àwọn ènìyàn bá ti fẹ́ràn wọn tó. Ibẹ̀ ni ẹni tó ń lo orúkọ Rifujin na Magonote ti kọ Mushoku Tensei láti 2012 sí 2015. Olú ẹ̀dá-ìtàn rẹ̀ jẹ́ ọkùnrin ẹni ọdún 34 tí kò níṣẹ́, tó ti sé ara rẹ̀ mọ́lé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ọkọ̀ akẹ́rù pa á níbi tó ti fẹ́ gba àwọn ọ̀dọ́ là, a sì tún un bí sí ayé mìíràn.

Ọjọ́ orí yìí ní ìtumọ̀. Ọrọ̀ ajé Japan ṣubú ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, ọ̀pọ̀ àwọn tó jáde ilé-ìwé lẹ́yìn náà kò sì rí iṣẹ́ gidi ṣe. Ẹni ọdún 34 ní 2012 jẹ́ ọ̀kan nínú ìran náà. Nítorí náà, àtúnbí inú ìtàn yìí ní ẹ̀dùn nínú: bí a bá tún fún mi láyè, ǹjẹ́ mo lè ṣe dáradára? Ẹ̀rù òde kò fi ọkùnrin náà sílẹ̀ ní ayé tuntun. Ọmọdé ni, síbẹ̀ kò lè jáde ní ọgbà ilé títí olùkọ́ rẹ̀ fi gbé e gun ẹṣin jáde.

Àwọn tó tẹ̀lé e mú ọkọ̀ akẹ́rù, wọ́n fi ẹ̀rù náà sílẹ̀. Àṣejù, baba àṣetẹ́. Ní 2016, ibùdó náà ní láti ya ipò àwọn ìtàn ayé mìíràn sọ́tọ̀ kúrò lára ti àwọn yòókù. Ní 2017, ilé-iṣẹ́ Kadokawa, tó ń tẹ Mushoku Tensei gan-an, ṣe ìdíje ìtàn-àròsọ kan tí òfin rẹ̀ kò gba àtúnbí sí ayé mìíràn.

5.0 Ohun Tó Fa Ìfàgùn

Ìpele mẹ́ta ni irú ìtàn yìí ń gbà kọjá. A ó kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní orí kéékèèké. A ó tẹ̀ ẹ́ ní ìwé. Lẹ́yìn náà ni ayàwòrán yóò sọ ọ́ di ìtàn aláwòrán, tí yóò máa jáde lóṣooṣù. Ẹni tó ń gbé orí tuntun jáde lemọ́lemọ́ ni òǹkàwé kì í gbàgbé, nítorí náà kò sí ohun tó ń rọ òǹkọ̀wé láti gé ọ̀rọ̀ kúrú. Ohun tó fi gbólóhùn kan rò nínú ọkàn ẹ̀dá-ìtàn lè gba ayàwòrán ní ojú-ìwé kan. Mushoku Tensei parí lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní 2015; ìwé rẹ̀ parí ní ìdìpọ̀ 26 ní 2022; ìtàn aláwòrán rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014, kò tíì parí nígbà náà.

Síbẹ̀, gígùn nìkan kọ́ ni ìfàgùn. Ìtàn Hiwatari gùn, ó sì ń rìn. Bí ikú kò bá ná ẹ̀dá-ìtàn ní ohunkóhun, tí kò sí ẹni tó sunkún rẹ̀ lẹ́yìn, tí kò sì jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè, kò sí ìbéèrè tí òǹkàwé ń retí ìdáhùn rẹ̀. Kíka iye agbára tó ní ló kù.

6.0 Babátúndé tàbí Àkúdàáyà?

Èdè wa lè ràn wá lọ́wọ́ láti mọ ìyàtọ̀. Babátúndé kò rántí, ilé rẹ̀ ló sì padà sí. Àwọn ará ilé ló ń bá a rántí. Àkúdàáyà ní tirẹ̀ a máa rántí, ṣùgbọ́n ìlú tí ẹnikẹ́ni kò ti mọ̀ ọ́n ló ń lọ, a fẹ́yàwó níbẹ̀, a ṣòwò. Àkúdàáyà ni ẹ̀dá-ìtàn isekai jọ. Ṣùgbọ́n gbèsè ń bẹ lọ́rùn àkúdàáyà pàápàá: ọjọ́ tí ará ilé rẹ̀ àtijọ́ bá pàdé rẹ̀ lọ́jà, ọjọ́ náà ni yóò pòórá. Bákan náà, ẹ̀bùn tí òrìṣà ń fún ẹ̀dá-ìtàn wọ̀nyí kí wọ́n tó wọ ayé tuntun jọ àkúnlẹ̀yàn. Nínú ìgbàgbọ́ Yorùbá, ẹni tó yan orí lọ́dọ̀ Àjàlá kò mọ èyí tó dára, ó sì ń gbàgbé ohun tó yàn. Àìmọ̀ yìí ló sọ ayé di ìrìn-àjò.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé láàrin 1967 àti 2012, gbèsè, ẹrù àti ẹ̀dùn ni àtúnwáyé jẹ́ nínú àwọn ìtàn aláwòrán tí a yẹ̀ wò, àti pé àwọn aláfarawé ló sọ ọ́ di ilẹ̀kùn lásán. Àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ wa náà ti ń ya ìtàn aláwòrán báyìí, wọ́n sì ń wo ọwọ́ Japan. Kò burú. Ṣùgbọ́n kí wọ́n má ṣe tọrọ àtúnwáyé tí kò ní ẹbí nígbà tí èyí tó ní ẹbí wà nílé. Bí wọ́n bá máa pa ẹ̀dá-ìtàn ní ojú-ìwé kìíní, kí wọ́n kọ́kọ́ bi ara wọn léèrè ẹni tí yóò sunkún rẹ̀, àti ohun tí yóò sọ bí ó bá tún pàdé onítọ̀hún lọ́nà ọjà.